Ilẹ̀ Ló Yọ̀, Kì Í Ṣe Ọwọ́ Mi

Bí o bá fẹ́ rí ìbínú Ìyá Fọlá, má wulẹ̀ bú u, má sì jí nǹkan rẹ̀. Ṣáà sọ létí rẹ̀ pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Obìnrin tó ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní Kétu láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àgbà ṣì ń mu ọyàn! Àwọn télọ̀ tí kò tíì pé ogún ọdún a máa mú abẹ́rẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pé, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi òwú bọ̀ ọ́." Ìyá Fọlá á gba abẹ́rẹ́, á tọ́ òwú lá, òwú á sì wọlé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìlo gíláàsì. Ọwọ́ ta ló wá ń gbọ̀n níbẹ̀? Síbẹ̀, láti ọdún tó kọjá, gbogbo ẹbí Ṣóbọ̀wálé ló ti gbà pé ọwọ́ Adédiwúrà, ìyá Fọlá, ti ń gbọ̀n.

Inú ilé ìwẹ̀ Fọlá ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, ní ẹ̀sìtéètì kan ní Ogudu. Ilé ìwẹ̀ yẹn kì í ṣe ilé ìwẹ̀ lásán. Táìlì ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì lóròó àti níbùú, ó dúdú, ó sì ń dán débi pé ènìyàn lè wé gèlè níbẹ̀ láìwá dígí. Àwọn àlejò á kọ́kọ́ bi Fọlá pé níbo ni bathroom wà, kì í ṣe pé ìtọ̀ ń gbọ̀n wọ́n, wọ́n kàn fẹ́ wò ó ni. Ìyá Fọlá kò fẹ́ràn rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé tirẹ̀, ó sì pa ẹnu rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Fọlá bí Jayé, ìyá rẹ̀ gbé àpótí ìwẹ̀ rẹ̀ lọ sí Ogudu. Àpótí kékeré kan ni, igi ìrókò, tí ìyá tirẹ̀ gbé wá fún un láti Ìjẹ̀bú nígbà tó bí Fọlá. Orí àpótí yẹn ló ti wẹ Fọlá, orí rẹ̀ ló ti wẹ Jìmí àbúrò Fọlá, orí rẹ̀ náà ló ti wẹ ìdajì àwọn ọmọ àdúgbò tí wọ́n ti di ọkùnrin onírùngbọ̀n báyìí. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá àgbà á jókòó, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á tẹ́ ọmọ sórí ojúgun. Á fi kànìnkànìn àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, á da omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, á fi òróró pa á lára, á nà án lápá, á nà án lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa wá kan èyí tí Ìyá Fọlá fẹ́ràn jù lọ nínú gbogbo rẹ̀: á di ọmọ mú lábíyá, á jù ú sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí àyà ọmọ lè le, kí ẹ̀rù má máa bà á láyé.

Wọn kò tíì sọ Jayé lórúkọ lọ́jọ́ tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Omi wà nílẹ̀, ọṣẹ wà nílẹ̀, òróró ta sílẹ̀, àpótí sì wà lórí dígí. Ìyá Fọlá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọmọ mú lábíyá ni àpótí yọ̀ kúrò lábẹ́ rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn fà á. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbá ọmọ mọ́ àyà, ó sì fi ọwọ́ òsì gba ilẹ̀. Ọrùn ọwọ́ òsì náà ṣẹ́. Irun orí ọmọ kò tilẹ̀ kan táìlì.

Fọlá sáré wọlé, ó já ọmọ gbà, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún dé ilé ìwòsàn, ibẹ̀ ló sì ti kọ́kọ́ sọ ọ́ fún dókítà pé, "Ọwọ́ Mummy ti ń gbọ̀n." Ó sọ ọ́ fún Jìmí àbúrò rẹ̀ lórí fóònù. Ó sọ ọ́ fún pásítọ̀. Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, àwọn ìyá ìjọ ń wo ọwọ́ Ìyá Fọlá tí wọ́n dì sínú simẹ́ǹtì funfun, wọ́n ń mi orí, wọ́n ń sọ pé ọjọ́ ogbó ti dé. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó wo ilẹ̀. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó gbé ọmọ tuntun fún Ìyá Fọlá wẹ̀ mọ́. Aboyún tó bá bí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ á kí i dáadáa, á ṣí ìborùn, á fi ojú ọmọ hàn án, á sì gbé ọmọ rẹ̀ kọjá lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ó dùn ún. Mi ò ní wá orúkọ mìíràn fún un: ó dùn ún dé egungun.

Nítorí náà, nígbà tí Vivian, ìyàwó Jìmí, lóyún lọ́dún 2006, Ìyá Fọlá jó yípo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọdún márùn-ún ni Jìmí àti Vivian fi wá ọmọ. Vivian ò sì ní ìyá mọ́, ìyá rẹ̀ ti kú kó tó lọ́kọ. Wọ́n ti fẹnu kò pé tó bá ti bímọ, Kétu ló ń bọ̀, sí ilé ìyá ọkọ rẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi le. Nínú ọkàn Ìyá Fọlá, ọ̀rọ̀ ti parí: ọmọ yìí ni yóò dá ọwọ́ òun padà fún òun. Ó ti ń fi òróró àgbọn pamọ́ sínú ìgò.

Ọjọ́ Àìkú kan ni Jìmí yà sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn ìsìn. Ilé iṣẹ́ ńlá kan ní Ìkẹjà ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, bí ẹni pé ìpàdé ni gbogbo nǹkan.

"Mummy, èmi àti Vivian ti pinnu. A fẹ́ tún bathroom yín ṣe kí ọmọ tó dé. Gift ni o. Ilẹ̀ simẹ́ǹtì yìí ti fọ́, ewédò ń hù ní kọ̀rọ̀."

"A dúpẹ́, ọmọ mi. Olúwa á tún tìrẹ ṣe."

"Táìlì sixty by sixty la máa lò. Glossy. Irú ti Fọlá gan-an."

Ìyá Fọlá gbé ojú sókè. "Irú ti Fọlá?"

"Ọ̀gá mi àti ìyàwó rẹ̀ ń bọ̀ níbi naming, Mummy. Wọ́n lè ní àwọn fẹ́ lo bathroom."

"Ìyẹn ni pé kí ọ̀gá rẹ lè tọ̀ lórí ohun tó ń dán, kí èmi lọ ṣẹ́ ọwọ́ kejì?"

Jìmí wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ọwọ́ kankan ò ní ṣẹ́, Mummy. Ẹ ò ní wẹ ọmọ mọ́. A ti bá nọ́ọ̀sì kan sọ̀rọ̀. Á máa wá láràárọ̀. Inú báàfù rọ́bà ló máa ti wẹ̀ ẹ́. Kí ẹ lè sinmi ni."

Jìmí mọ ìyá rẹ̀ dé àyè kan, kò mọ̀ ọ́n dé òpin. Bí Ìyá Fọlá bá ń pariwo, máa ṣe nǹkan rẹ lọ, kò sí ewu. Ìgbà tó bá dákẹ́ ni kí o wá ibi sá sí. Ó dákẹ́. Ó bu omi mu. Ó nu ẹnu rẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Lọ́jọ́ Sátidé, kí a jọ lọ yan táìlì náà. Bathroom mi ni, àbí?"

"Bathroom yín ni, Mummy."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ ọ́.

Nígbà tó di Sátidé, Ìyá Fọlá wọ ọkọ̀ Jìmí tòun ti báàgì kan tó wú bí ẹni ń lọ sí ìrìn àjò. Vivian jókòó níwájú, oyún rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọkọ̀. Owódé Onírin ni wọ́n ń lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe dé Mile 12, Ìyá Fọlá ní kí Jìmí dúró fún òun. Ó bọ́ sílẹ̀ níwájú àwọn oníṣu. Kò tẹ iṣu wò bóyá ó ti rà. Ńṣe ló ń gbé e lọ́kọ̀ọ̀kan sí apá rẹ̀, tó ń mì í díẹ̀díẹ̀, tó tún ń gbé e sílẹ̀, títí ó fi rí ọ̀kan tó wù ú. Oníṣu náà bi í bóyá iyán ló fẹ́ fi gún tàbí àsáró.

"Mo fẹ́ wẹ̀ ẹ́ ni," Ìyá Fọlá dá a lóhùn, ó sì sanwó.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Salaudeen ni Jìmí mú wọn lọ. Salaudeen sanra, ó lẹ́nu dídùn, ó sì mọ irú ẹni tó ń náwó. Jìmí ló kọjú sí.

"Ọ̀gá mi, ẹ káàbọ̀. Mummy, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Aunty, ẹ jókòó, ẹ má dúró. Ẹ wo èyí, super glossy, sixty by sixty. Tí a bá lẹ èyí sínú bathroom, ńṣe ló máa dà bíi pálọ̀. Ìlà àárín wọn ò sì pọ̀, kò sí ibi tí ìdọ̀tí máa sá pamọ́ sí."

Ká sọ òótọ́, ó rẹwà. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ògì tí wọ́n da mílíìkì sí, ìlà góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ sì ń sá kiri nínú rẹ̀. Vivian fi ọwọ́ pa á, ojú rẹ̀ tàn. Ìyá Fọlá rí ojú tó tàn yẹn, kò sì bínú sí i. Ta ni ohun tó dára kì í wù?

"Ẹ bá mi tẹ́ mẹ́rin sílẹ̀, ọmọ mi," ó wí fún Salaudeen. "Níbi òkìtì páálí yẹn."

Salaudeen tẹ́ ẹ. Ìyá Fọlá bọ́ bàtà. Ó ṣí báàgì, ó gbé àpótí jáde, ó gbé e sórí táìlì. Ó mú ọṣẹ jáde. Ó mú kànìnkànìn jáde, ó mú ìgò òróró jáde, ó mú jálá omi jáde. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ló gbé iṣu.

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ ṣe?" Salaudeen bi í.

"Mo fẹ́ wẹ ọmọ."

"Mummy!" Jìmí ní. "Mummy, ẹ má ṣe èyí. Àwọn èèyàn ń wò."

"Kí wọ́n wò. Ṣé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́? Ọjà rèé. Àgbà rèé. Ọmọ tuntun ló kù, òun náà rèé." Ó gbé iṣu náà sókè kí gbogbo ayé rí i, ó sì fi ẹ̀yìn ti òkìtì páálí, nítorí ó gbójú, ṣùgbọ́n kò gọ̀. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó tẹ́ iṣu sórí ojúgun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wẹ̀ ẹ́.

Ó wẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ọṣẹ hó. Omi ń ṣàn sórí táìlì. Àwọn tó wá ra irin ní ṣọ́ọ̀bù kejì yà wá, àwọn alábàárù sọ ẹrù kalẹ̀. Ó fi òróró pa iṣu lára. Nígbà tó wá di í mú láti gbé e sókè, àpótí yọ̀. Ó yọ̀ lọ síwájú lẹ́ẹ̀kan náà, Ìyá Fọlá sì jókòó sílẹ̀ gbì láàárín òun àti páálí. Jìmí kígbe. Vivian fi ọwọ́ méjèèjì di ikùn mú.

Iṣu wà lórí àyà Ìyá Fọlá. Ó gbá a mọ́ra, erùpẹ̀ àti ọṣẹ ti bo bùbá rẹ̀.

"Ẹ rí i?" ó bi gbogbo wọn. "Ẹ wò ó dáadáa. Kí ló yọ̀? Ṣé ọwọ́ mi ni?"

Ó na ọwọ́ sí Salaudeen, Salaudeen gbé e dìde.

"Gbé dígí rẹ kúrò. Mú kékeré wá fún mi, tí kò dán."

"Mummy, rough tiles nìyẹn, thirty by thirty. Kò gbayì. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n máa ń lò ó sí, níbi kànga."

"Ṣé orí iyì ni mo fẹ́ jókòó lé? Mú un wá."

Ẹsẹ̀ bàtà kan péré ni èyí fẹ̀. Àwọ̀ eérú ni, ojú rẹ̀ sì rí gbágungbàgun díẹ̀ bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Salaudeen tẹ́ ẹ lọ títí ó fi gba ibi tí ìyá náà lè na ẹsẹ̀ dé. Ìyá Fọlá da ọṣẹ sí i, ó da òróró sí i, kò rẹ́ ẹ jẹ. Ó gbé àpótí lé e, ó jókòó. Lọ́tẹ̀ yìí kò fi ẹ̀yìn ti ohunkóhun. Ó tún iṣu wẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó nà án lápá tí kò ní, ó nà án lẹ́sẹ̀ tí kò ní, ó sì di í mú, ó jù ú sókè. Èrò ní, "Ẹ̀ẹ̀kan!" Ó gbà á, ó tún jù ú. "Ẹ̀ẹ̀mejì!" Ó tún jù ú. Àpótí kò mì. Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù pàtẹ́wọ́ títí.

"Mummy," Salaudeen ní, "iṣu yìí ti mọ́ ju èmi lọ."

Vivian rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó nu ojú. "Jìmí, èyí ni kí ẹ mú. Èyí tí ò dán yìí."

Jìmí ti gbóná débi pé etí rẹ̀ pọ́n. Ó kàn fẹ́ kúrò níbẹ̀ ni. "Ó ti dáa. Rough sílẹ̀, glossy sí ògiri."

"Ògiri lè máa dán bó bá ṣe wù ú," Ìyá Fọlá ní, ó ń to nǹkan rẹ̀ padà sínú báàgì. "Mi ò ní jókòó lórí ògiri."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé ìjà parí síbẹ̀, ẹ ò mọ ọmọ tó bá ti dé ipò.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Fọlá tètè ti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án. Ó fẹ́ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Ọláníyan, ọkùnrin tí Jìmí gbà láti lẹ táìlì, wà lórí ìkúnlẹ̀ nínú ilé ìwẹ̀, ó ń súfèé. Ó ti lẹ ìlà kan láti ẹnu ọ̀nà. Táìlì náà fẹ̀. Ó ń dán. Ìlà góòlù tẹ́ẹ́rẹ́ ń sá kiri nínú rẹ̀.

"Ọláníyan, kí nìyí?"

"Mummy, ẹ káàbọ̀. Ọ̀gá Jìmí ló kó o wá láàárọ̀ yìí. Wọ́n ní ká lo ti tẹ́lẹ̀ yẹn níbi kànga. Èyí gan-an ló dáa, Mummy. Kékeré yẹn, ìlà rẹ̀ á pọ̀ jù, iṣẹ́ ò ní tètè tán."

Ìyá Fọlá dúró. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ bàjẹ́, ó bàjẹ́ débi pé ó fẹ́ jókòó sunkún. Ìyẹn ò pẹ́. Ó wọ yàrá, ó gbé àpótí rẹ̀ jáde, ó tẹ orí táìlì tí Ọláníyan ti lẹ̀ kọjá, ó gbé àpótí sí àárín simẹ́ǹtì tútù, ó sì jókòó.

"Mummy! Simẹ́ǹtì tútù ni!"

"Máa lẹ táìlì rẹ lọ. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ mi, lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára."

Ọláníyan bẹ̀ ẹ́. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìyá Fọlá na ẹsẹ̀ méjèèjì. Nígbà tó yá, Ọláníyan jáde, ó pe Jìmí lórí fóònù, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ máa bọ̀ o, Mummy ti wọ inú iṣẹ́."

Kí Jìmí tó ti Ìkẹjà dé, simẹ́ǹtì ti ń mú ẹsẹ̀ àpótí. Ó bá ìyá rẹ̀ níbẹ̀, ó jókòó gbọnrangandan, ó ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ó ń fà á jáde, ó tún ń fi í bọ̀ ọ́.

"Mummy, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́."

"Mi ò dìde."

"Ṣé nítorí táìlì?"

"Nítorí pé o purọ́ fún mi. O jẹ́ kí n yàn, o wá yan tìrẹ lẹ́yìn mi. Ilé tí èmi àti bàbá rẹ kọ́!"

Jìmí jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ṣòkòtò ọ́fíìsì rẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohùn ìpàdé kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ̀rù ń bà mí, Mummy. Ọdún márùn-ún. Ẹ mọ iye ẹkún tí Vivian sun. Mo rò pé bí ilẹ̀ bá dà bí ti Fọlá, ẹ̀yin fúnra yín ò ní fẹ́ wẹ ọmọ níbẹ̀ mọ́. Tí nǹkan bá ṣe ọmọ yìí lọ́wọ́ yín, báwo ni mo ṣe fẹ́ wojú yín?"

"Ẹ̀rù ń bà ọ́, o wá lẹ ohun tó ń dẹ́rù bani mọ́lẹ̀? Nọ́ọ̀sì rẹ ò lẹ́sẹ̀? Vivian ńkọ́, tí mo máa fi omi gbóná tẹ̀ níkùn nínú ilé ìwẹ̀ yìí kan náà?" Ó ká apá bùbá òsì sókè. Ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wọ́ díẹ̀, kò tọ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. "Wò ó. Ẹ ti wò ó fún odindi ọdún kan, ẹ ò rí i. Pe Fọlá. Bi í ní ìbéèrè kan fún mi. Lọ́jọ́ tó sáré wọlé, níbo ló ti bá ọmọ rẹ̀?"

Jìmí pe Fọlá. Ó fi ohùn rẹ̀ síta. Ó bi í.

Wọ́n ń gbọ́ ariwo Jayé lẹ́yìn Fọlá, ó ń lu ìkòkò.

"Lórí àyà Mummy," Fọlá ní. "Mummy na gbalaja sílẹ̀, ọwọ́ wọn ti ṣẹ́, Jayé wà lórí àyà wọn. Kò tilẹ̀ sunkún. Èmi ni mo ń sunkún, Jìmí. Èmi ni mo yan ilẹ̀ yẹn."

Jìmí pa fóònù. Ó wo ọwọ́ ìyá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó wá wo ilẹ̀ tó ń dán lábẹ́ bàtà ara rẹ̀.

"Ọláníyan," ó ní, "tú u."

"Ọ̀gá, gbogbo ẹ̀?"

"Tú u kúrò. Rough yẹn ni kí o lẹ̀."

Jìmí àti Ọláníyan ló fa àpótí yọ nínú simẹ́ǹtì. Ọláníyan kùn títí iṣẹ́ fi tán pé ìlà ti pọ̀ jù, eékún ń ro òun. Ìyá Fọlá se àsáró fún un. Iṣu tó wẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Salaudeen náà ni.

Obìnrin ni Vivian bí, ní oṣù Kẹsàn-án. Òwúrọ̀ tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé Kétu, nọ́ọ̀sì ti wà ní pálọ̀ tó ń mu mínírà, nítorí Jìmí kò ní ìgboyà láti pè é pé kó má wá mọ́. Fọlá náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú Jayé. Ó kúnlẹ̀ kí ìyá rẹ̀, ó pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, Ìyá Fọlá sì fọwọ́ kàn án léjìká.

Nọ́ọ̀sì na ọwọ́ sí ọmọ. Báàfù rọ́bà ti wà nílẹ̀, aláwọ̀ píǹkì. Vivian gbé ọmọ rẹ̀ kọjá níwájú nọ́ọ̀sì, ó gbé e fún ìyá ọkọ rẹ̀.

"Mummy, ẹ wẹ ọmọ yín."

Ìyá Fọlá gbé àpótí kalẹ̀ sórí táìlì aláwọ̀ eérú. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀. Gbogbo wọn kún ẹnu ọ̀nà, Jìmí ló wà níwájú, ó na ọwọ́ méjèèjì síta bí ẹni tó fẹ́ gba bọ́ọ̀lù.

"Jìmí, kúrò lójú ìmọ́lẹ̀ mi."

Jìmí sún. Ìyá Fọlá wẹ ọmọ náà. Kò kánjú. Ó wẹ̀ ẹ́ lórí, ó wẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn etí, ó wẹ ìpákọ́ rẹ̀, ó ń pe oríkì rẹ̀ sí i létí. Ọmọ kọ́kọ́ sunkún, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ náà wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó dákẹ́. Òróró ta sílẹ̀ bó ṣe máa ń ta. Àpótí dúró síbi tí wọ́n gbé e sí. Ó nà án lápá, ó nà án lẹ́sẹ̀, lẹ́yìn náà ó di í mú lábíyá.

"Mummy," Jìmí ní, "ó ti tó báyìí. Mummy, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá Fọlá ju ọmọ náà sókè.

Jìmí kígbe, Fọlá kígbe, nọ́ọ̀sì pe orúkọ Jésù. Ọmọ padà bọ̀ sáàárín ọwọ́ méjèèjì tó ń dúró dè é, ó la ojú sílẹ̀, ó ń wo ìyá bàbá rẹ̀.

"Ó ku ẹ̀ẹ̀mejì," Ìyá Fọlá ní, ó sì tún jù ú.